Lékeléke Ló Mọ Ọ̀nà: Bí Ọmọdé Ṣe Lè Ti Ẹ̀yìnkùlé Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ẹranko Àgbáyé

Bí ọ̀wọ́ lékeléke bá ń kọjá lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń lọ síbi igi tí wọn yóò sùn sí, ọmọ tó bá wà níta kì í dúró jẹ́ẹ́. Á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa gbọn ìka, á sì máa fi orin bẹ ẹyẹ náà pé kó fún òun ní èékánná funfun. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá rí àmì funfun bíńtín lórí èékánná rẹ̀ á sáré káàkiri agboolé láti fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé lékeléke ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun.

Ohun tí àwọn ọmọ náà kò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ àgbà tó kọ́ wọn lórin kò sì mọ̀, ni pé ẹyẹ yìí ti rin ìrìn àjò tó ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1880, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí lékeléke ní apá òkè Gúúsù Amẹ́ríkà, lágbègbè Suriname àti Guyana. Ìgbàgbọ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ni pé ìyẹ́ wọn ni wọ́n fi fò láti Áfíríkà sọdá òkun Àtìláńtíìkì, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bá igbó tí wọ́n ti ṣán di pápá, wọ́n bá màlúù tó ń jẹko, tata sì ń ta pọ́ún lábẹ́ pátákò màlúù gẹ́gẹ́ bí ti ilé. Ni wọ́n bá kúkú jókòó. Nígbà tó fi máa di 1953, wọ́n ti ń pamọ ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lónìí, kò sí ilẹ̀ ńlá kan láyé tí lékeléke kì í ti í pamọ, àyàfi Antarctica tí yìnyín bò.

Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ àwọn ẹranko ayé sábà máa ń rò pé ìwé aláwòrán olówó iyebíye tàbí tẹlifíṣọ̀n satẹ́láìtì ni òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Kò sí aburú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀nà tó yá jù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹranko tí ọmọ ti mọ̀ ló máa mú un lọ́wọ́ lọ bá èyí tí kò mọ̀.

Nínú ilé adìyẹ

Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni Jane Goodall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹyin rú u lójú. Ó ń rí ẹyin, ó ń rí adìyẹ, àmọ́ kò rí ibi tó fẹ̀ tó lára adìyẹ tí ẹyin lè gbà jáde. Ó yọ́ wọ inú ilé adìyẹ, ó fara pamọ́ sínú koríko gbígbẹ, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ara àwọn ará ilé ò lélẹ̀ mọ́, wọ́n ń wá a kiri. Nígbà tó yá, ó sáré jáde, koríko lórí, koríko láṣọ, ó ti rí bí adìyẹ ṣe ń yé.

Ìyá mìíràn ì bá ti fa pàṣán yọ. Ìyá tirẹ̀ jókòó, ó sì gbọ́ ìtàn náà dópin.

Ọmọ yìí kan náà ló di ẹni ọdún 26 tó lọ sí igbó Gombe ní Tanzania ní 1960. Ohun tó ṣe nínú ilé adìyẹ náà ló ṣe níbẹ̀: ó jókòó, ó dákẹ́, ó ń wò. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìnàkí kan tó ki koríko bọ inú ògán, tó fà á yọ, tó sì ń fi ẹnu ṣa ikán tó dì mọ́ ọn jẹ. Títí di ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì ni pé ọmọ èèyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Ìnàkí kan àti ọ̀pá koríko kan sọ ẹ̀kọ́ yẹn di àtúnkọ. Goodall ṣe iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni ọdún 91 ni nígbà tó kú ní 2025.

Kò pọn dandan kí ọmọ Ìbàdàn tàbí Ìlọrin dé Gombe kó tó bẹ̀rẹ̀ irú ìwòran yìí. Alángbá wà lára ògiri. Òwe sọ pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kí òbí sọ fún ọmọ pé kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo èyí tí orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Akọ ni. Á máa mi orí, á máa fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè sódò bí ọmọ ogun tó ń ṣe eré ìmárale. Bí akọ mìíràn bá yọjú, mímì náà á le sí i. Ó ń sọ fún un pé òun ló ni ògiri yìí lónìí, kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láti ara alángbá, ó yá láti dé ọ̀dọ̀ awọ́nríwọ́n tó ń gbé létí odò. Láti ọ̀dọ̀ awọ́nríwọ́n, ọmọ ti dé Indonesia. Ẹranko afàyàfà tí wọ́n ń pè ní Komodo, tó lè gùn tó mítà mẹ́ta, tó ń pa àgbọ̀nrín jẹ lórí àwọn erékùṣù ibẹ̀, ìran awọ́nríwọ́n gan-an ni. Ẹni tó bá ti rí awọ́nríwọ́n tó ń yọ ahọ́n rẹ̀ tó là sí méjì ti rí àbúrò Komodo lójú ara rẹ̀.

Orúkọ tó ń tanni, orúkọ tó ń lani lójú

Orí ọmọdé gba orúkọ. Ní 2002, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Science gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi àwòrán han àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ẹranko àti ewéko ìlú wọn lápá kan, àwọn ẹ̀dá inú eré Pokémon lápá kejì. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ dá nǹkan bí mẹ́jọ mọ̀ nínú Pokémon mẹ́wàá. Nínú ohun alààyè tòótọ́, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n mọ̀. Ọpọlọ ò ṣàìtó. Ohun tí wọ́n ń fi hàn wọ́n ni wọ́n mọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tíṣà tó bá dé orí àwòrán táígà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ẹkùn ni. Ẹkùn tí àwọn ọdẹ mọ̀ nínú igbó wa ní àmì tótòtó lára. Táígà ní ilà gbọọrọ láti orí dé ìrù, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nínú igbó Áfíríkà kankan. Éṣíà ni ilé rẹ̀. Iye tí wọ́n kà ní Íńdíà nìkan ní 2022 lé ní 3,000. Bí ọmọ bá bi tíṣà pé kí ló dé tí ẹkùn yìí fi ní ilà, ìdáhùn tó tọ́ ni pé ẹkùn kọ́, mọ̀lẹ́bí ẹkùn ni, ilé wọn ló jìn síra.

Erinmi náà tún wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ kí èèyàn rò pé erin ló wọ odò lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé kò fi bẹ́ẹ̀ bá erin tan. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù nínú gbogbo ẹranko tó wà láyé ni àbùùbùtán inú òkun. Ta wá ni ìbátan erin? Ọ̀kan nínú wọn ni òfàfà, ẹranko kékeré orí igi tí igbe rẹ̀ ń da jìnnìjìnnì boni lóru, tí kò sì ju ehoro lọ púpọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ó jọ àlọ́. Ìran òfàfà àti ti erin pínyà láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn, àmọ́ àmì ẹbí ṣì wà nínú eyín wọn àti nínú èékánná ẹsẹ̀ wọn.

Àbùùbùtán ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹja, bí ẹnu wa tilẹ̀ ń pè é ní ẹja àbùùbùtán. Kì í mí nínú omi bí ẹja. Ó gbọ́dọ̀ yọrí sókè kó tó lè mí. Ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí à ń bù tí kò tán, mọ ohun tó ń sọ.

Ìwọ̀n tí ọmọ lè fọwọ́ bà

Àbùùbùtán tó tóbi jù, èyí tí ara rẹ̀ rí bí aró, lè gùn tó mítà 30. Nọ́ńbà lásán nìyẹn létí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ mú un lọ sí ibùdókọ̀, kó ka dánfó mẹ́fà tó tò tẹ̀léra: gígùn rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tuntun rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ti gùn ju dánfó kan lọ. Kò sí ẹranko kankan tí a mọ̀, títí kan àwọn tó ti kú run, tó wúwo tó o.

Àgùnfọn akọ lè ga tó mítà márùn-ún àtààbọ̀. Ó lè yọjú sí fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìgun àkàbà. Ṣùgbọ́n egungun méje ló wà ní ọrùn rẹ̀, méje náà ló sì wà ní ọrùn ọmọ tó ń gbọ́ ìtàn yìí. Gígùn ni tirẹ̀ gùn.

Ìtàn kangarú dùn mọ́ ọmọ tí wọ́n ti pọ̀n rí. Bí kangarú bá bímọ ní Ọsirélíà, ọmọ náà kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kò nírun, ojú rẹ̀ kò sì là. Ọwọ́ rẹ̀ kéékèèké ni yóò fi rá gba inú irun ìyá rẹ̀ títí yóò fi wọ àpò tó wà níwájú ikùn. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ọmú, tí yóò wà fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó yọrí wo ìta. Ìyá Yorùbá ń pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyá kangarú ń gbé e síwájú, ó sì ń fi í sáré.

Eré kan wà tí gbogbo ọmọ lè ṣe nínú pálọ̀. Pẹ́ńgúìnì tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní emperor, ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Antarctica, nígbà òtútù tó burú jù lọ́dún, ìyá á yé ẹyin kan ṣoṣo, á gbé e fún bàbá, á sì lọ wá oúnjẹ sókun. Bàbá ló ń sàba. Kò lè gbé ẹyin sílẹ̀, yìnyín á pa á. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa gbé e lé, á fi awọ ikùn bò ó, á dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì ó lé, láìjẹ nǹkan kan. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kékeré lé orí ẹsẹ̀ méjèèjì ọmọ náà, kí ẹ ní kó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga láìjẹ́ kó bọ́. Kò ní pẹ́ tí bọ́ọ̀lù á fi yí wọ abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sọ fún un pé bàbá pẹ́ńgúìnì ń ṣe é nínú ìjì.

“Ṣé lóòótọ́ ni?”

Ìjàpá ni ẹranko tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀ kó tó mọ ìrísí rẹ̀. Nínú àlọ́, ó já láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ìyẹn ò dí ìmọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti mọ àlọ́ náà ló máa fetí sílẹ̀ jù nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ìjàpá kò lè bọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ láéláé, torí pé egungun ìhà àti egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló so mọ́ ọn, àti pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan èèpo náà, ó ń mọ̀ ọ́n lára.

Ní oṣù kẹwàá 2019, ìjàpá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alágbà kú ní ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ààfin kéde pé ẹni ọdún 344 ni. Àwọn onímọ̀ ẹranko ṣiyèméjì, torí irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju nǹkan bí 100 ọdún lọ. Ní erékùṣù St Helena láàárín òkun Àtìláńtíìkì, ìjàpá ńlá mìíràn wà tó ń jẹ́ Jonathan. Wọ́n gbé e débẹ̀ láti Seychelles ní 1882, ó sì ti dàgbà tán nígbà náà. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣírò pé nǹkan bí 1832 ló ti inú ẹyin jáde. Guinness World Records kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹranko orí ilẹ̀ tó pẹ́ láyé jù tí a mọ̀.

Ìtàn méjèèjì, bí ẹ bá gbé wọn ka iwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá, á bi yín ní ìbéèrè tó dára jù: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ìbéèrè kan náà yẹ kó bi àwọn àwòrán tó wà lára àpò ìwé rẹ̀, níbi tí béárì funfun àti pẹ́ńgúìnì ti ń ṣeré pọ̀ lórí yìnyín. Òpin àríwá ayé ni béárì funfun ń gbé. Gúúsù ni ti pẹ́ńgúìnì. Wọn kì í pàdé. Kì í sì í ṣe inú yìnyín nìkan ni pẹ́ńgúìnì wà: irú kan wà ní Áfíríkà, létí òkun Gúúsù Áfíríkà àti Namibia, tó ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ nínú iyanrìn lábẹ́ oòrùn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sí ọgbà ẹranko

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ń kó àwọn ẹranko díẹ̀ jọ fún ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní 1974 ló di ọgbà ńlá tó ń gbàlejò gbogbo èèyàn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ìwọ̀ oòrùn ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kìnnìún lójúkorojú.

Àwọn kan sì máa ń padà sílé pẹ̀lú ẹ̀dùn: “Kìnnìún yẹn kàn ń sùn ni!” Bó ṣe ń ṣe nínú igbó náà nìyẹn. Kìnnìún lè fi wákàtí 16 sí 20 sinmi lójúmọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ti sọ èyí fún kó tó kúrò nílé kò ní máa ju òkúta kó lè dìde. Ohun tó dára ni kí wọ́n yan àgò méjì tàbí mẹ́ta péré, kí wọ́n pẹ́ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ mú bírò àti ìwé dání. Mélòó ni ìka ọwọ́ ọ̀bọ? Ṣé ọ̀nì ń ṣẹ́jú? Ibo ni etí ẹyẹ wà? Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní gúgúrú tàbí bisikíìtì. Bí ọgọ́rùn-ún àlejò bá fún ọ̀bọ kan ní díẹ̀díẹ̀, àìsàn ni wọ́n fún un.

Àwọn ibì kan wà tí kò ní àgò rárá. Ní ọgbà ìdáàbòbò Lekki ní Èkó, ọ̀bọ ń fò kiri fúnra wọn láàárín igi, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fura. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó bá wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lásìkò tí ilẹ̀ ń ṣú á rí àdán tó gbéra lórí igi lọ́pọ̀ yanturu. Irú àdán wọ̀nyí náà ló máa ń péjọ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù sí igbó Kasanka ní Zambia láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, láti jẹ èso. Ọmọ tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tún ní fi àdán pe ẹyẹ àjẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo díẹ̀

Bópẹ́ bóyá, ọmọ á béèrè pé níbo ni àwọn ẹranko inú ìtàn ọdẹ wà báyìí. Òótọ́ ni kí wọ́n sọ fún un, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Erin ò tán nílẹ̀ Yorùbá: díẹ̀ ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn tó ń gégi àti àwọn tó ń dáko ti ń fún wọn mọ́ ara wọn. Akíka, ẹranko onípẹ́ tó ń jẹ èèrà, tó ń ká ara rẹ̀ kò bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, wà lára àwọn ẹranko tí àwọn oníṣòwò àìtọ́ ń kó jù láyé. Irú mẹ́jọ ló wà, mẹ́rin ní Áfíríkà, mẹ́rin ní Éṣíà. Ìpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún egbòogi lókè òkun. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de òwò akíka láàárín ara wọn. Kí ọmọ wo èékánná ara rẹ̀, èyí tó ń bẹ lékeléke nítorí rẹ̀: ohun tí èékánná yẹn fi wà náà ni ìpẹ́ akíka fi wà.

Kò yẹ kí ìròyìn ikú nìkan máa wọlé sí wọn létí. Ní 1996, àgùnfọn ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ku 49 péré, gbogbo wọn sì wà ní orílẹ̀-èdè Niger tó bá Nàìjíríà pààlà. Ìjọba ibẹ̀ fòfin de pípa wọn, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Kouré gbà kí wọ́n máa rìn láàárín oko wọn, àwọn onímọ̀ sì ń kà wọ́n lọ́dọọdún. Iye wọn ti lé ní 600 báyìí. Kò sí ọgbà tó yí wọn ká. Ọmọ tó ń da ewúrẹ́ níbẹ̀ lè gbójú sókè kó rí àgùnfọn tó ń já ewé jẹ lórí igi tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Lékeléke ní tirẹ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní àwọn pápá màlúù Florida àti Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń dàgbà sí báyìí, ẹyẹ funfun kan náà ń tẹ̀lé màlúù lẹ́yìn, ó ń ṣa tata jẹ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń wò ó lójú fèrèsé láìmọ orúkọ rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ orúkọ náà, ó sì ń rántí orin. Kó wa ọkọ̀ sẹ́bàá títì, kó yí gíláàsì sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ na ọwọ́ síta, kí wọ́n máa gbọn ìka.